Ẹ̀kọ́ Tí Ẹnikẹ́ni Ò Kọ́ Aasiyah

Mọ̀dínátù ń di ṣùkú fún oníbàárà kan ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá láàárọ̀ Sátidé kan, ni obìnrin náà bá ṣàdédé bú sẹ́rìn-ín, orí rẹ̀ sì já gbà lọ́wọ́ Mọ̀dínátù. Fóònù ló ń wò.

"Ìyá Aasiyah, ẹ wá wo ọmọ yín lórí sitátọ́ọ̀sì Súmbọ̀ ará ilé yín! Háà! Ọmọ yìí máa ṣe fíìmù o!"

Mọ̀dínátù na ọrùn. Ẹ̀yìnkùlé ilé tí wọ́n ń gbé ló rí nínú fóònù náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi. Aasiyah, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún méje, ń bọ̀ láti ẹnu géètì. Ó dé fìlà bàbá rẹ̀, fìlà náà sì bò ó dé imú. Ó ti lọ́ bẹ́líìtì bàbá rẹ̀ mọ́ ìdí. Ó ń rìn bí ẹni tí gbogbo àdúgbò jẹ lówó. Nígbà tó dé àárín àgbàlá, ó dúró, ó ha ọ̀fun, "Hún-hùn! Hún-hùn! Hún-ùn-hùn!", ó tutọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Ta ló wà nínú ilé yìí?"

Bí Nùrẹ́nì, ọkọ Mọ̀dínátù, ṣe máa ń wọlé gan-an nìyẹn. Itọ́ yẹn gan-an, apá òsì ló máa ń tu ú sí. Mọ̀dínátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọmọ burúkú," ló wí. "Ó ti mú bàbá ẹ̀ tán pátápátá."

Ibẹ̀ ni fídíò náà dá dúró sí. Oníbàárà ní kí wọ́n ní sùúrù, ìyókù ṣì ń bọ̀, wẹ́wẹ́ ni Súmbọ̀ máa ń gé e.

Ìyókù dé lóòótọ́, àmọ́ kò gba orí fóònù oníbàárà wá. Fóònù Mọ̀dínátù fúnra rẹ̀ ló dún. Lucy ni, ìyá Tósìn, tí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn. Kò kí i.

"Ọmọ ẹ ti fọ́ ọmọ mi lójú! Ṣé o gbọ́ mi? Aasiyah ti fọ́ Tósìn lójú! Ọsibítù la wà."

Mọ̀dínátù sọ òòyà sílẹ̀, ó bẹ́ jáde. Oníbàárà tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan gbé dígí, ó wo ìdajì orí tó ti di ṣùkú àti ìdajì tó dúró gàǹgà bí ìgbálẹ̀ tí okùn rẹ̀ já.

"Ìyá Aasiyah! Ọ̀la Sọ́ńdè o! Ṣé báyìí ni kí n ṣe wọ ṣọ́ọ̀ṣì?"

Mọ̀dínátù ti ń dá kẹ̀kẹ́ dúró lójú títì.

Kẹ̀kẹ́ márúwá tí Mọ̀dínátù wọ̀ ń sáré, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé ibẹ̀. Ojú! Nínú gbogbo ibi tí ọmọdé lè fi ṣe ọmọdé léṣe lára, ojú! Bó bá ṣe orúnkún ni, wọn ì bá fi omi gbígbóná jó o, kí oníkálukú bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní igi gańgan má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òun náà wo òkèèrè láàárọ̀ yìí, nínú fóònù oníbàárà. Ẹ̀rín ló fi wò ó.

Ọsibítù kékeré kan ni, òkè ilé ìtajà oògùn ló wà. Orí àtẹ̀gùn ni Mọ̀dínátù ti bá Aasiyah, ó jókòó jẹ́ẹ́, ó gbé Abdulsobur, àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún méjì, lé itan. Lucy ló wọ́ àwọn méjèèjì tẹ̀ lé ara rẹ̀ nítorí kò sí àgbàlagbà kankan nílé tó lóun lè bá a wò wọ́n. Fìlà bàbá Aasiyah ṣì wà lórí ọmọ náà.

Mọ̀dínátù kò bi í ní nǹkan kan. Ó gbá a létí, fìlà sì fò bọ́lẹ̀. Ó gbá a ní ìkejì, torí pé àwọn èèyàn ń wò.

"Ta ló kọ́ ẹ pé kó o máa na ọmọ ọlọ́mọ? Hẹ̀n? Ta ló kọ́ ẹ ní ìnàkunà? Ṣé bí èèyàn ṣe ń ṣe nìyẹn?"

Ìgbátí kẹta bá ìbéèrè náà rìn.

Nọ́ọ̀sì kan tó gbé abọ́ òwú lọ́wọ́ ń kọjá lọ. Ó dúró. Ó wo Mọ̀dínátù, ó wo ọmọ náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó he fìlà nílẹ̀, ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó fi lé Aasiyah lọ́wọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Mọ̀dínátù rò ó lọ́kàn pé nọ́ọ̀sì yìí ò lẹ́kọ̀ọ́ ṣá: ó rí ìyá tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀, kò tiẹ̀ bá a dá sí i.

Nínú yàrá, Olúwatósìn sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti fi báńdéèjì wé orí rẹ̀ àti ojú rẹ̀ ọ̀tún. Ẹyọ ojú tó kù ń wò ròrò. Wọ́n ti rán an tán.

"Orí ìpéǹpéjú ló ti là," ni dókítà wí. "Ẹyinjú ò ní nǹkan kan. Àmọ́ ká ní irin yẹn sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ."

Mọ̀dínátù kúnlẹ̀ síwájú Lucy. "Mọ́mì Tósìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun. Iṣẹ́ ọmọdé ni."

"Má bẹ̀ mí," ni Lucy wí. Ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ ló wọ̀ wá, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ sí i láyà. "Ṣé iṣẹ́ ọmọdé nìyí? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun tẹ́ ẹ fi ń ṣe oúnjẹ alẹ́ lójoojúmọ́ ni ọmọ yín bù wá fún ọmọ mi láàárọ̀. Dádì Tósìn ti ń bọ̀. Ó ní ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá la máa gba lọ."

"Irin wo ni dókítà ń wí?"

"Irin bẹ́líìtì ọkọ ẹ ni, irin wo tún ni? Àlàájì onílé ti gbà á. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ṣì wà lára ẹ̀."

Mọ̀dínátù mọ irin náà. Ó fa apá bùbá rẹ̀ wálẹ̀ dé ọrùn ọwọ́.

Ní ilé, wọ́n ti mú iná lọ láti àná. Nítorí náà, kò sí ayálégbé tó wà nínú yàrá. Ilé Àlàájì Abdulganiyy, lẹ́yìn títì Ẹgbẹ́dá sí Ìdímù, yàrá méjìlá ló ní, wọ́n kọjú síra wọn bí eyín òkè àti eyín ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan kì í sì í bọ́ sílẹ̀ láàárín wọn kí wọ́n má jẹ ẹ́. Nígbà tí Mọ̀dínátù kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé, gbogbo wọn dákẹ́. Nígbà tó ti ìlẹ̀kùn yàrá rẹ̀, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹnì kan ní kátúùnù ni, kátúùnù ayé ìsinsìnyí, ìjà ló kún inú ẹ̀. Ẹnì kan ní ilé ìwé tí wọ́n fi ọmọ náà sí ni, ilé ìwé tó jẹ́ pé páànù ni wọ́n fi pín kíláàsì. Ìyá àgbà kan tó ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́ ní ẹ̀mí ni, kí wọ́n tètè gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti ka nǹkan sí i létí. Ọkùnrin kan ní òpin ayé ló dé, ó sì bu gààrí sẹ́nu. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ yàrá kẹta lápá òsì, yàrá Nùrẹ́nì. Bẹ́ẹ̀ ògiri kan náà ni gbogbo wọn jọ ni. Láti ọjọ́ tí Nùrẹ́nì ti kó wá ni ògiri náà ti ń sọ fún wọn, wọ́n á sì fi ohùn kún tẹlifíṣọ̀n bí iná bá wà. Bí kò bá sí, wọ́n á wúkọ́.

Ní ti eré àwọn ọmọ láàárọ̀, wọ́n wò ó dáadáa. Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ọjà tiwọn, àgbà pé, wọ́n gbé àga síta, ẹnì kan sì ń ya fídíò.

Nùrẹ́nì dé lẹ́yìn ìrun Àsárì. Iṣẹ́ fèrèsé alumíníọ̀mù ló ń ṣe, Ìgándò ló sì ti ń bọ̀, níbi tí wọ́n ti ń kan fèrèsé sí ilé tuntun kan. Henry, ọkọ Lucy, ti bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní ohùn tí kò fẹ́ràn. Ó já wọ géètì, ó dúró láàárín àgbàlá.

"Hún-hùn! Hún-hùn! Hún-ùn-hùn!"

Ó tutọ́ sí apá òsì.

"Ta ló wà nínú ilé yìí?"

Ẹnì kan nídìí táǹkì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá tó ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́ tẹjú mọ́ ẹ̀fọ́ bí ẹni pé ewé kan fẹ́ sá lọ. Nùrẹ́nì wò wọ́n yíká, kò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ó sì wọ yàrá rẹ̀.

"Aasiyah dà?"

Kò dúró gbọ́ ìdáhùn. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn láìwo ibẹ̀, síbi ìṣó tí bẹ́líìtì máa ń wà. Ọwọ́ rẹ̀ gbá afẹ́fẹ́ mú. Ó wo ìṣó náà, ó wo ọwọ́ rẹ̀.

"Bẹ́líìtì mi dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ Àlàájì," ni Mọ̀dínátù wí.

"Kí ni Àlàájì fẹ́ fi í ṣe?"

"Òun ni ọmọ náà fi ṣe Tósìn léṣe."

"Ta wá ní kí wọ́n gbé e lọ? Kí ni kí n wá fi na ọmọ yìí báyìí?"

Nùrẹ́nì jókòó sórí àga, ó ń mí bí ẹni tó gbé sìmẹ́ńtì.

"Ìwọ lo bà á jẹ́. Ìyá ló ń ba ọmọ jẹ́. Àwọn èèyàn yín l'Ógbómọ̀ṣọ́, ṣebí ìjà ni wọ́n fi ń mu ẹ̀kọ. Nínú ilé tiwa l'Ọ́yọ̀ọ́, a ò mọ ohun tó ń jẹ́ kéèyàn na èèyàn!" Ó fi ìkúùkù lu tábìlì kí ọ̀rọ̀ náà lè wọlé dáadáa. Ife fò, ó ṣubú. Abdulsobur bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Kí ni mo máa jẹ kí n tó lọ dá àwọn èèyàn yẹn lóhùn?"

"Ẹ̀wà àárọ̀ ló kù. Ẹ jẹ́ kí n gbé e kaná. Láti ọsibítù ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀."

"Ẹ̀wà àárọ̀."

Kò pariwo rẹ̀. Ì bá sàn fún Mọ̀dínátù ká ní ó pariwo. Ó fi ẹsẹ̀ sún Abdulsobur sẹ́yìn ara rẹ̀, ó gbé ìkòkò, kò sì kọ ẹ̀yìn sí ọkọ rẹ̀. Bó ṣe ń ṣọ́ ọwọ́ ọkùnrin náà ló rí Aasiyah ní kọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ náà ò sunkún. Ojú rẹ̀ wà lára ọwọ́ bàbá rẹ̀, bí ojú ọmọ ilé ìwé ṣe ń tẹ̀ lé ṣọ́ọ̀kì.

Ẹnì kan kan ìlẹ̀kùn. Àlàájì ń pè wọ́n. Ẹ̀wà àti ẹni tó gbé e bọ́ lọ́wọ́ ìyà.

Pálọ̀ Àlàájì kún. Onílé náà jókòó sórí àga ńlá rẹ̀, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́líìtì sì wà nínú ọ̀rá lórí tábìlì iwájú rẹ̀ bí ẹrù tí aṣọ́bodè gbẹ́sẹ̀ lé. Henry wà lápá kan, ó ṣì wọ aṣọ ọ́fíìsì. Lucy gbé Tósìn lé itan. Nùrẹ́nì jókòó lápá kejì, Mọ̀dínátù sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ méjèèjì.

"Ọmọ tí a kò kọ́," ni Àlàájì fi bẹ̀rẹ̀, "òun ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà."

Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Mọ̀dínátù wo ọ̀rá náà. Ó rò ó pé òwe Àlàájì dùn, àmọ́ kò bá ọ̀rọ̀ mu. Èyí tí wọ́n kọ́ mà nìyí.

"Àlàájì, ẹ ṣeun sà," ni Henry wí. "Èmi ò fẹ́ wàhálà. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀ kí n tó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ta ló kọ́ ọmọ yìí? Ọmọ ọdún méje ò lè dédé mọ̀ ọ́n ṣe."

"Kì í ṣe èmi o," ni Nùrẹ́nì sáré wí. "Èmi kì í gbélé. Tẹlifíṣọ̀n ni. Ẹ sì bi ìyá ẹ̀."

"Súmbọ̀ wà níbẹ̀," ni Àlàájì wí. "Súmbọ̀, kí lo rí?"

Súmbọ̀, ọmọbìnrin yàrá kìíní tí kì í sọ fóònù sílẹ̀ àfi bó bá ń sùn, ní òun ò lè ṣàlàyé, àmọ́ gbogbo ẹ̀ wà lọ́wọ́ òun. Ó gbé fóònù dúró sára ìgò omi lórí tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́. Gbogbo orí tẹ̀ síwájú.

Aasiyah wọlé nínú fídíò pẹ̀lú fìlà. Hún-hùn. Hún-hùn. Itọ́ lọ sí apá òsì. Nùrẹ́nì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ wo ọmọ yìí! Orí ẹ̀ ò pé! Ta ló ń sín jẹ?"

Àlàájì rí nǹkan kan wò lára tẹ̀sùbáà rẹ̀. Ẹ̀rín Nùrẹ́nì ń lọ ní òun nìkan, ó rìn jìnnà díẹ̀, ó wò yíká, kò rí ẹnì kan tó tẹ̀ lé e, ó sì dákẹ́.

Nínú fóònù, Tósìn wé gèlè ìyá rẹ̀, ó ń ro ewé nínú agolo mílíìkì.

"Oúnjẹ mi dà?" ni Aasiyah wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, kò tíì jiná."

"Kò tíì jiná? Láti àárọ̀? Kí lo ń fi ojúmọ́ ṣe? Ṣé ilé bàbá ẹ ni mo ti ń bọ̀ ni?"

Ó gbá a létí, ìgbátí eré, àmọ́ ó ró. Tósìn di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó yíjú sí Abdulsobur, tí wọ́n fi ṣe ọmọ wọn nínú eré náà, tó ń fi iyẹ̀pẹ̀ ṣeré nílẹ̀, ó sì fà á létí.

"Ìwọ ni! Ìwọ lo jẹ́ kí wọ́n lù mí! Tó ò bá sunkún ni, oúnjẹ ì bá ti jiná! Olórí burúkú!"

Mọ̀dínátù gbọ́ ara rẹ̀ nínú fóònù. Ohùn rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni, láti orí ìmíkanlẹ̀ dé orí olórí burúkú. Ó sì gbà lọ́kàn rẹ̀ láti ọjọ́ yìí pé inú yàrá òun lòun ti máa ń sọ ọ́, pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Ọmọ ẹlòmíì ti há a sórí láti ẹnu ọ̀nà tó kọjú sí tiwọn.

Lẹ́yìn kámẹ́rà, àwọn àgbà ń rẹ́rìn-ín. "Ọkọ gidi!" ni ohùn ọkùnrin kan wí. "Gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i!" ni obìnrin kan wí, ẹ̀rín rẹ̀ sì ga ju ti gbogbo wọn lọ, ó ń ké bí adìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé. Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹ̀rín náà nínú ilé yẹn. Henry yí orí díẹ̀díẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀. Lucy tẹrí ba mọ́ báńdéèjì ọmọ rẹ̀.

Nínú fóònù, Aasiyah tú bẹ́líìtì. Kò di ìdí irin mú, bí ọmọdé mìíràn ì bá ti ṣe. Etí kejì ló wé mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó jẹ́ kí irin sọ̀ síwájú. Lẹ́yìn náà, igbe kan ta. Fóònù ṣubú, ó kọjú sókè, ojú ọ̀run funfun nìkan ni wọ́n rí, igbe náà ò sì dáwọ́ dúró títí fídíò náà fi parí.

Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

"Aasiyah," ni Àlàájì wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Wá. Má bẹ̀rù. Ta ló kọ́ ẹ ní nǹkan tó o ṣe yìí?"

Ọmọ náà bọ́ síwájú. Ó wo Àlàájì, ó wo Súmbọ̀, ó wo àwọn èèyàn tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un láàárọ̀. Kò jọ ẹni tó jẹ̀bi. Ó jọ ọmọ tó ṣe eré ìparí ọdún ní ilé ìwé, tó wá ń wá àwọn òbí rẹ̀ láàárín èrò. Nígbà tí ojú rẹ̀ bá ojú bàbá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Dádì, ṣé mo ṣe é dáadáa?"

Nùrẹ́nì dìde bí ẹni tí kòkòrò ta. Kó tó dúró tán, ó ti já bẹ́líìtì yọ nínú ọ̀rá.

"Màá pa ọmọ yìí! Màá nà án lónìí títí yóò fi mọ̀ pé a kì í na èèyàn!"

Ó sì wé etí kan mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó jẹ́ kí irin sọ̀ síwájú.

Tósìn ké, ó fi ojú kan tó kù bọ àyà ìyá rẹ̀. Aasiyah ò ké, kò sì sá. Ó gbá ọwọ́ Abdulsobur mú, ó tẹ̀ ẹ́ lórí wọ abẹ́ àga Àlàájì. Lẹ́yìn náà, ó lọ dojú kọ ògiri, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí, ó ya ẹsẹ̀ díẹ̀, ó dúró. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣe é bí ẹni tó ń tẹ́ ẹní rẹ̀ láti sùn.

"Bàbá Aasiyah," ni Mọ̀dínátù wí.

"Dákẹ́!"

"Wọ́n ń wò yín."

"Kí wọ́n máa wò! Ta ni mo jẹ lówó níbí?"

"Kì í ṣe àwọn àgbà ni mò ń wí." Ohùn rẹ̀ ò ga. "Mo ní àwọn ọmọ ń wò yín."

Nùrẹ́nì yí ọwọ́ tó gbé sókè náà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìgbà gbogbo ni Mọ̀dínátù máa ń fi apá bo orí ní ibi báyìí. Kò bò ó. Ẹ̀rù ṣì ń bà á, kò láyà ju tàná lọ, àmọ́ apá náà ò gòkè. Nùrẹ́nì wò ó. Ó wo Tósìn. Ó wo ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ lára ògiri, àti ọwọ́ kéékèèké méjì lórí ẹ̀. Níkẹyìn, ó wo ọwọ́ òun fúnra rẹ̀, bí bẹ́líìtì ṣe wé mọ́ ọn àti bí irin ṣe ń mì ní iwájú. Gbogbo pálọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wo nǹkan yìí tán nínú fóònù ni.

Bẹ́líìtì bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Àlàájì ya ẹnu láti pa òwe. Ó yà á fún ìgbà díẹ̀, kò rí òwe, ó sì pa á dé.

Bóyá ojú ló ti Nùrẹ́nì ni o, bóyá ọlọ́pàá ló bà á lẹ́rù, Mọ̀dínátù ò lè sọ. Ó kàn rí i tí orúnkún ọkọ òun tẹ̀, tí ọkùnrin náà sì fi àyà balẹ̀ gbalaja níwájú Henry àti Lucy.

"Ẹ má bínú," ló wí. "Ẹ má bínú. Ọwọ́ mi ni."

Aasiyah yí ojú kúrò lára ògiri. Ó wo bàbá rẹ̀ nílẹ̀. Ó wò ó pẹ́, bí ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ tuntun síwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀ lórí, ó rìn wá, ó sì dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fi àyà kan ilẹ̀, ó fi àgbọ̀n kan ilẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ti bàbá rẹ̀ gẹ́lẹ́.

"Ẹ má bínú," ló wí. "Ọwọ́ mi ni."

"Obìnrin kẹ̀!" ni ẹnì kan sọ lẹ́yìn. "Obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀."

Mọ̀dínátù ti ya ẹnu láti ké mọ́ ọn pé, kúnlẹ̀, aláìlẹ́kọ̀ọ́, kúnlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti gòkè tán. Ó rí ọwọ́ náà níbi tó wà. Ó pa ẹnu dé, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ lápá kejì ọmọ náà.

Lucy ni ẹnu rẹ̀ kọ́kọ́ là, kò sì lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Ẹ dìde. Ó ti tó. Ẹ dìde, jàre."

Aasiyah ò dìde. Ó yí orí sí ẹ̀gbẹ́, ó ń wo bàbá rẹ̀, ó ń dúró kó kọ́kọ́ dìde. Mọ̀dínátù rí i pé ọkọ òun náà ti yí orí, ojú rẹ̀ àti ojú ọmọ náà sì ti pàdé nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Àlàájì náà ní kí Nùrẹ́nì dìde. Nùrẹ́nì ò mira. Ó jọ ẹni tó ń rò ó, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, bí èèyàn ṣe ń dìde.